Ẹ̀wù wo ni ó yẹ kí n máa wọ̀ lọ sí jíìmù: ti òwú ni, tàbí polyester?

Olùkọ́ Ajílósùn béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo Èkìtì Kete. Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì, oṣù kẹta sì nìyí tí mo ti ń lọ sí jíìmù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Dókítà ni ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó fẹ́ máa yọjú, mo sì dúpẹ́ pé ara mi ti ń fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù tí mo ń wọ̀ ni ó wá di wàhálà fún mi.

Tíṣáàtì òwú tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó ni mo ń wọ̀ lọ, nítorí pé ó kún inú àpótí wa. Èyí tí mo ń wọ̀ jù nínú wọn ni ti ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan, tí wọ́n tẹ àwòrán bàbá náà gàdàgbà sí láyà. Ẹ̀wù náà nípọn. Bí mo bá ti lo ogún ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ ìsáré, yóò ti rin gbingbin bí ẹni pé òjò pa mí láti Ìyìn wọ Adó, yóò lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, apá rẹ̀ yóò máa ha mí ní abíyá, ọ̀gangan ibi tí àwòrán yẹn wà yóò sì máa yún mi títí mo fi máa délé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, orí ọmú mi ọ̀tún bó débi pé ẹ̀jẹ̀ hàn lára ẹ̀wù. Aṣọ ìnura ni mo fi bo àyà jáde.

Nígbà tí ó sú mi, mo lọ ra ọ̀kan tí wọ́n ní ti eléré ìdárayá ni, polyester pọ́ńbélé, ìyẹn aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ jẹ́ irú ike kan, ó fúyẹ́, ó sì ń dán. Èyí kì í rin, ṣùgbọ́n òógùn kàn ń ṣàn wálẹ̀ nínú rẹ̀ títí dé bàǹtẹ́ ni. Òórùn rẹ̀ wá di ohun tí ìyàwó mi kò fẹ́ kí n gbé wọ yàrá mọ́, kódà lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́ tí ó ti gbẹ. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ṣé ohun kan wà láàárín wọn? Owó olùkọ́ ni mo ń gbà o, kí ẹ má ṣe darí mi sí ẹ̀wù tí owó rẹ̀ tó owó ilé.

Kóòṣì Bàsírì dáhùn pé:

Ẹ kú ìnáwó ara, Olùkọ́. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tọ́ àwọn ènìyàn sọ́nà nínú jíìmù, bí ẹ bá sì ní kí n ka iye àwọn tí ó ti fi ẹ̀wù ìsìnkú gbé irin lójú mi, ilẹ̀ yóò ṣú.

Kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí òógùn ń ṣe. Kì í ṣe ṣíṣàn ni ó fi ń mú ara tutù, gbígbẹ ni. Bí gíráàmù òógùn kan bá gbẹ kúrò lára, ooru tí ó máa ń bá a lọ tó nǹkan bíi 2,400 joule (joule ni a fi ń wọn ooru). Èyí tí ó kán sílẹ̀ kò mú nǹkan kan lọ, ẹ kàn fi omi ara yín ṣòfò ni. Ẹ̀wù tí ó dára ni èyí tí ó ń ran gbígbẹ yẹn lọ́wọ́.

Inú fọ́nrán òwú gan-an ni omi máa ń wọ̀ sí. Kódà nígbà tí a bá gbé e kọ́ sínú yàrá tí kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, omi inú afẹ́fẹ́ tí 100 gíráàmù òwú máa ń fà mọ́ra tó nǹkan bíi gíráàmù 8, nígbà tí ti polyester kò pé ìdajì gíráàmù kan. Òwú fẹ́ràn omi, bí ó bá sì ti gbà á, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní ti polyester, àárín fọ́nrán kan sí èkejì ni omi ń gbà kọjá, gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń gba ara òwú fìtílà gòkè. Bí wọ́n bá hun ún lọ́nà tí àwọn àárín wọ̀nyẹn fi lè fa omi, òógùn yóò jáde sí ìta ẹ̀wù, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Bí wọn kò bá hun ún bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kàn jẹ́ kí ó máa dán, kò yàtọ̀ sí kí ẹ da ọ̀rá bora. Mo fura pé irú èyí ni wọ́n tà fún yín.

Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú jíìmù pẹ̀lú ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹjọ, tí ó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú méjì, tí ó tún dìde gbé e, tíṣáàtì òwú fẹ́lẹ́ kò burú fún un rárá. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, nítorí pé kì í yọ̀ lábẹ́ ẹ̀yìn bí aṣọ tí ń dán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí ó ń gun àtẹ̀gùn ibi ìjókòó òǹwòran ní pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé, òwú yóò di ẹrù lé e lórí. (Mo máa ń rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń lo pápá yẹn tí wọn kò mọ ẹni tí ó ni orúkọ náà: sáré-sáré ni, ó sì wà lára àwọn tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin, 100 mítà ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní Barcelona ní 1992.)

Ní àkókò òjò, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, òógùn kì í rí ibi gbẹ sí, kò sì sí ẹ̀wù tí ó lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹ wọ èyí tí ó ṣò díẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí fáànù ti ń fẹ́.

Àgbà Ìlawẹ̀ dáhùn pé:

Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú funfun ni a fi ń sáré ní ilé-ìwé nígbà tiwa, a kò sì gbọ́ pé abíyá ẹnikẹ́ni bó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni ẹ ń jẹ́ kí àwọn olówò ka owó mọ́ yín lọ́wọ́.

Kóòṣì Bàsírì dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín, ṣùgbọ́n síńgílẹ́ẹ̀tì tiyín fẹ́lẹ́, kò ní apá, kò sì ní àwòrán òkú láyà. Bí Olùkọ́ bá rí irú rẹ̀ rà, kí ó rà á.

Télọ̀ Òkèṣà dáhùn pé:

Kóòṣì ti sọ òkodoro ọ̀rọ̀ lórí aṣọ, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo sì ń rán aṣọ eré ìdárayá fún àwọn ilé-ìwé, mo fẹ́ gba ẹjọ́ òwú rò díẹ̀. Abíyá tí ń ha àti orí ọmú tí ó bó kì í ṣe ẹ̀bi òwú nìkan. Bí wọ́n ṣe gé ẹ̀wù náà àti bí wọ́n ṣe rán an wà níbẹ̀.

Ẹ yí ẹ̀wù ìsìnkú yẹn sódì, kí ẹ fi ìka tọ ojú ìrán láti ọrùn dé èjìká, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ láti èjìká dé abíyá. Ẹ ó rí i pé etí aṣọ méjì tí wọ́n pa pọ̀ ga sókè bí ebè, okùn tí wọ́n fi dì í le koko, ìrán tí ó ti òkè wá, èyí tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá àti méjì tí ó yí apá ká sì wá ṣe ìkóríta sí abíyá gẹ́lẹ́. Ìkóríta yẹn ni ó ń gé yín. Nínú ẹ̀wù eré ìdárayá tí wọ́n rán dáadáa, ojú ìrán máa ń tẹ́, okùn rẹ̀ sì máa ń hàn ní inú àti ní ìta bí àkàbà kékeré. Òmíràn tún wà tí apá rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rárá: ìrán rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn sọ̀ kalẹ̀ ní ìdábùú wá sí abíyá. Irú èyí ni mo máa ń rán fún àwọn tí ń gbé irin kọjá orí, nítorí pé bí ọwọ́ bá gòkè, ẹ̀wù kì í bá a gòkè kí ìdodo wá bọ́ síta. Ní ti àwòrán bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ohun tí ó dà bíi rọ́bà ni wọ́n fi ń tẹ irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò lè gba ibẹ̀ wọlé, òógùn kò sì lè gba ibẹ̀ jáde, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń yún yín.

Àwa tí a ń ra aṣọ máa ń wo ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn iye gíráàmù tí ó wà nínú mítà kan níbùú àti lóròó. Tíṣáàtì tí ó nípọn máa ń tó 180 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ; láàárín 120 sí 150 ni mo máa ń wá fún ẹni tí yóò sáré. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó na ẹ̀wù náà sí ojú fèrèsé, kí ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ó bá rí òjìji ìka ara rẹ̀ dáadáa, ó ti fúyẹ́ tó.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olówò gbọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ gba ti àkọlé inú ọrùn ẹ̀wù gbọ́ tán, pàápàá lára ọjà tuntun tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú. Ẹ kán omi kan ṣoṣo sí inú ẹ̀wù náà, ní apá tí yóò kan ara. Bí omi bá ṣù jọ tí ó ń yí gbirigbiri bí ìgbà tí ó wà lórí ewé kókò, ẹ fi ẹ̀wù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá tàn kálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí ìta rẹ̀ náà sì tutù, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwú wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, ẹ tu fọ́nrán kan láti etí ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i ní ìta gbangba. Òwú yóò jó bíi bébà, yóò rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ yóò sì kúnná láàárín ìka. Polyester yóò ká sẹ́yìn bí ẹni tí ń sá fún iná, yóò yọ́, yóò wá di kókó dúdú líle bí ilẹ̀kẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kẹ̀ yẹn kí ó tó tutù; àpá rẹ̀ wà lára àtàǹpàkò mi.

Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì ni àdàlù, òwú pẹ̀lú polyester, èyí tí kì í rin tó òwú, tí kì í sì í tètè rùn tó polyester. Bí wọ́n bá fi spandex ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, yóò máa nà nígbà tí ẹ bá ń lóṣòó. Mo lè rán ọ̀kan fún yín, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé òkìrìkà yóò dín owó yín kù ju èmi lọ.

Ẹnì kan gbé kíjìpá wá fún mi lọ́dún tí ó kọjá pé kí n fi rán ẹ̀wù jíìmù fún òun nítorí ìfẹ́ àṣà. Mo bẹ̀ ẹ́. Aṣọ alágbára ni kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun, ṣùgbọ́n bí òógùn bá wọ inú rẹ̀ lónìí, ọ̀túnla ni yóò gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ dáhùn pé:

Mo kí i yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ aṣọ, awọ ara ni èmi ń rí lójoojúmọ́. Ibi tí ó gbóná tí ó sì rin ni làpálàpá fẹ́ràn. Irú ẹ̀wù yòówù tí ẹ bá rà, bí ẹ bá fi èyí tí ó rin yà sí ọjà, tí ẹ fi gun ọ̀kadà délé, tí ẹ tún fi jókòó ti iyán, ẹ ti kọ́lé fún làpálàpá nìyẹn. Ẹ máa gbé ẹ̀wù gbígbẹ kan sínú báàgì, kí ẹ pààrọ̀ kí ẹ tó jáde. Ní àsìkò ọyẹ́, pàápàá ní apá Ẹ̀fọ̀n tí òkè yí ká, òwú tí ó rin yóò tún mú kí òtútù mú yín ní kété tí ẹ bá dẹ́kun eré sísá.

Fún orí ọmú, ẹ fi Vaseline pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú egbò yẹn san ná. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń kà á, kọ́mú tí ó gbá àyà dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé kí ẹ tó ronú kan ẹ̀wù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí n kò lè gbé mì. Mo ń rí àwọn tí ń wé ọ̀rá mọ́ ikùn, tàbí tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù rọ́bà tí kò gba afẹ́fẹ́, pé kí àwọn lè làágùn púpọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n wé mọ́ra kì í yọ́ ọ̀rá tí ó wà nínú. Omi ni ó ń lọ, bí wọ́n bá sì ti mu omi, ìwọ̀n wọn yóò padà síbi tí ó wà. Láàárín oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí ń ja ìjàkadì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà kú níbi tí wọ́n ti ń fi irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ làágùn kí ìwọ̀n wọn lè lọ sílẹ̀, ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ìdíje wọn fòfin dè é. Olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ẹ má sún mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ dáhùn pé:

Ẹ káàsán o, sà. Òórùn yẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìyàwó yín ń ṣe àṣejù. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ènìyàn 26 ni ó gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá fún wákàtí kan, wọ́n kó ẹ̀wù wọn sínú àpò di ọjọ́ kejì, wọ́n sì pe àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní òórùn gbígbọ́ láti yẹ̀ wọ́n wò. Ti polyester ni ó rùn jù. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Micrococcus máa ń gbilẹ̀ lára polyester ju bí wọ́n ti ń gbilẹ̀ lára òwú lọ. Èmi tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé yàrá kan ṣoṣo, n kò nílò Bẹ́ljíọ̀mù láti sọ ọ́ fún mi.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí, sà. N kì í jẹ́ kí ó sun inú báàgì. Bí n kò bá tilẹ̀ ráyè fọ̀ ọ́, mo máa ń ta á sórí okùn kí ó gbẹ ná. Bí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́, mo máa ń yí i sódì, nítorí pé inú ni ìdọ̀tí wà, n ó sì rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi tí mo da ọtí kíkan díẹ̀ sí kí n tó fi ọṣẹ kàn án. N kì í da jíìkì sí i, nítorí pé jíìkì máa ń pa spandex, ẹ̀wù yóò wá fẹ̀ bí àwọ̀n. Èròjà olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ náà kò dára fún un: ó máa ń bo ara fọ́nrán, àwọn àárín tí Kóòṣì sọ pé omi ń gbà kọjá yóò sì dí. Abẹ́ òjìji ni mo máa ń sá a sí.

Olùkọ́ Ajílósùn dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Nọ́ọ̀sì tí ó kìlọ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fẹ́ yá mi ní ẹ̀wù rọ́bà yẹn.

Mo lọ sí ìdí àwọn olókìrìkà ní Ọjà Ọba ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ra píọ̀ wọ́tà kan, mo já etí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán an sínú ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí ó ń tajà wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ bá mi fọ̀ wọ́n ni?" Mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, nígbà tí ó sì yá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bá mi na ẹ̀wù sókè sí òòrùn kí n lè wo òjìji ìka mi. Nínú mẹ́sàn-án tí mo kán omi sí, márùn-ún ṣe bí ewé kókò. Méjì ni mo rà, ₦2,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní jẹ́ polyester, ìrán rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, apá rẹ̀ sì ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn wá gẹ́gẹ́ bí Télọ̀ ti wí. Èkejì jẹ́ àdàlù. Mo ṣáná sí fọ́nrán rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, eérú wà níbẹ̀, ilẹ̀kẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Mo fi èkíní sáré fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ní ọjọ́ Ajé. Ó rin, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ mi, nígbà tí mo sì fi jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ fáànù, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Abíyá mi kò ha mí. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé èkejì jẹ́ aláwọ̀ eérú, òógùn sì hàn lára rẹ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ẹnì kan ní òun rí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀yìn mi. Èyí tí ń dán ti wọ omi ọtí kíkan lẹ́ẹ̀mejì. Òórùn rẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kí n máa sá a sí ẹ̀yìn ilé síbẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀wù ìsìnkú. Mo ní kí n fi máa nu ọkọ̀, wọ́n ní kí n má dán an wò, pé a kì í fi àwòrán àgbàlagbà nu ìdọ̀tí. Télọ̀, ṣé nǹkan kan wà tí ẹ lè fi ṣe?

Télọ̀ Òkèṣà dáhùn pé:

Ó wà. N ó gé àwòrán bàbá kúrò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ kó o fún ọ̀rẹ́ yín, n ó gé apá rẹ̀ náà kúrò kí ìkóríta abíyá yẹn lè lọ, n ó sì fi èérún òwú fẹ́lẹ́ tí ó wà nílẹ̀ níbí dí iwájú rẹ̀. Yóò di síńgílẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fi gbé irin ní ọjọ́ tí ẹ kò bá sáré, inú Àgbà Ìlawẹ̀ yóò sì dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wá.